Ohun tí Ìyá Gbé Wá Láti Ilé Ìyá Tirẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ìyá ọlọ́mọ àti àwọn agbẹ̀bí sọ ní Ìbàdàn, lọ́sàn-án Sátidé kan, ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Mo ti yọ ibi tí mo ti ń wá omi mu kúrò, mo sì fi díẹ̀ kún un lára ohun tí wọ́n bi mí lẹ́yìn náà.

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ooru. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé àmàlà wà lórí iná, pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ títí tí àmàlà fi tutù, òun nìkan ni yóò jẹ ẹ́. Mo ti gbọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo wà níbi tí wọ́n ti ń gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyá méjì jókòó tira wọn lórí bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin ni ọmọ àwọn méjèèjì, wọn ò sì ju ọmọ ọdún kan lọ. Wọ́n gún ti àkọ́kọ́. Ó figbe ta. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ó dùn ọ́, àbí? Nọ́ọ̀sì burúkú! A máa nà án." Ọmọ náà ki orí bọ ọrùn ìyá rẹ̀, ó sunkún, ó fa ikun. Nígbà tó yá ó gbójú sókè, ó rí báírò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó gún un, ó nawọ́ sí i. Ìjà ti parí. Wọ́n wá gún èkejì. Òun náà ké, ṣùgbọ́n igbe ọ̀hún kúrú bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ ní, "Ó tó, ó tó, ọkùnrin kì í sunkún." Ọmọ náà panu mọ́. Kò wo ojú ìyá rẹ̀. Kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ló ń wò. Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ la yìn ín: ọmọ yìí mà gbọ́n o, ọmọ yìí kì í yọni lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí màmá mi ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé wá síbí lónìí. Kí ni ìyá yẹn gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, báwo ló sì ṣe dé ọwọ́ ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ?

Ẹ má bá mi bú ìyá kejì o. Ọmọ rẹ̀ sanra, aṣọ rẹ̀ mọ́, kò sì pa ọjọ́ abẹ́rẹ́ kankan jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti so ẹ̀rọ mọ́ àyà irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ojú wọn tutù, tí wọn kì í wo ìyá nígbà ìpọ́njú, wọ́n sì rí i pé àyà wọn ń lù kì kì kì bíi ti ọmọ tó ń ké. Ojú nìkan ló tutù.

Ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní attachment ni à ń sọ yìí. Mi ò ní bá yín wá orúkọ ńlá fún un. Bí ọmọ ṣe ń rọ̀ mọ́ ẹni tó ń tọ́ ọ ni: ta ló ń sá tọ̀ bí ẹ̀rù bá bà á, kí ló sì ń retí pé kí ẹni náà ṣe fún òun. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ni John Bowlby, dókítà tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1907. Ilé ọlọ́lá ni wọ́n bí i sí, irú ilé tí ìyá kì í fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́mọ. Alágbàtọ́ ló tọ́ ọ. Nǹkan bíi wákàtí kan ló fi ń rí ìyá rẹ̀ lóòjọ́. Nígbà tó tó ọmọ ọdún mẹ́rin, alágbàtọ́ tó fẹ́ràn jù fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Bowlby dàgbà tán kó tó sọ pé bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kú ló rí lára òun. Ní 1951 ó kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí àwọn ọmọ tí ogun yà nípá kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ìwé yẹn ṣoore púpọ̀, ó sì tún dá ẹrù ńlá ru àwọn obìnrin, nítorí bí ọ̀pọ̀ ṣe kà á ni pé ìyá nìkan ṣoṣo ló lè tọ́mọ yege. A óò padà síbẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa ni obìnrin tó bá a ṣiṣẹ́, Mary Ainsworth. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i, Kánádà ló ti dàgbà. Ní 1954 ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ sí Kampala ní Ùgáńdà, òun náà sì di ẹrù rẹ̀, ó tẹ̀lé ọkọ. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé inú yàrá yunifásítì kan lókè òkun ni ẹ̀kọ́ yìí ti ṣẹ̀. Rárá. Abúlé àwọn Ganda ló ti ṣẹ̀, nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí.

Ọ̀rọ̀ jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú ló gbé e débẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé bí àwọn Ganda bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú, wọn a gbé e lọ fún ìyá àgbà kó lè gbàgbé ọmú. Mo rí i pé àwọn kan ti ń mi orí. Ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú, ewúro ló máa ń fi pa orí ọmú. Bí ọmọ bá lá ewúro náà tán tó sì tún ń fà á, ó di ilé ìyá àgbà nìyẹn. Ainsworth fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí ọmọ ṣe ń ṣe tí wọ́n bá gbé e kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Ó débẹ̀, ó bá a pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ì bá ká ẹní rẹ̀ kó máa lọ. Òun jókòó.

Ilé 26 ló ń yà sí, ọmọ 28 ló wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń lọ, a lo bíi wákàtí méjì lọ́sàn-án pẹ̀lú ògbufọ̀ rẹ̀, fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Kì í lọ lọ́wọ́ òfo: ó ń fi mọ́tò gbé àwọn ìyá lọ sílé ìwòsàn, ó ń bá wọn ra mílíìkì oníyẹ̀fun lówó pọ́ọ́kú. Ohun tó rí lójoojúmọ́ ni ohun tí àwa náà ń rí tí a ò kà sí. Ọmọ á rá kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá, á débi ìkòkò, á bojú wẹ̀yìn wò bóyá ìyá ṣì wà níbẹ̀, á tún rá lọ síwájú. Àlejò á wọlé. Ọmọ á yíra padà kíá, á rá bọ̀ wá di aṣọ ìyá mú, láti ibẹ̀ ni yóò ti máa wo àlejò. Òròmọdìyẹ ni. Ibi tó bá jẹko dé, ó mọ ọ̀nà abẹ́ ìyẹ́ tí yóò sá wọ̀ bí àwòdì bá rà bàbà lókè.

Nínú àwọn ọmọ 28 yẹn, 16 ni ọkàn wọn balẹ̀ mọ́ ìyá wọn. Méje jẹ́ ọmọ ẹkún tí gbígbé mọ́ra kì í fi bẹ́ẹ̀ tù nínú. Márùn-ún kò tíì rọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, bí òun ṣe rí i. Ó wá ohun tó ya àwọn ilé yìí sọ́tọ̀ síra wọn. Nínú ohun tó rí, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dì mú. Àwọn ìyá tó lè ròyìn ọmọ wọn kúnnákúnná ni ọmọ wọn máa ń ní ìbàlẹ̀ ọkàn. Ẹ jẹ́ kí n fi wá wé e. Ẹ bi ìyá kan pé, "Báwo ni ọmọ yín ṣe ń sùn?" Á ní, "Ó ń sùn dáadáa." Ó tán. Ẹ bi òmíràn, á ní, "Hùn ún, èyí? Etí ló kọ́kọ́ máa ń fà. Tó bá ti ń fa etí báyìí, mo mọ̀ pé oorun ti dé, ṣùgbọ́n kò ní gbà fún oorun, á máa bá a jà. Ẹ̀yìn mi ló ń sùn sí, àfi lánàá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀n ọ́n." Ọmọ ẹnì kejì yìí ló sábà máa ń fọkàn balẹ̀. Ìwé tí Ainsworth kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1967, àwọn tó kà á kò pọ̀ tó bó ṣe yẹ.

Èyí tó sọ ọ́ di olókìkí ni èyí tó ṣe ní Baltimore, nígbà tí wọ́n ti Ùgáńdà kúrò. Yàrá kan ni, àga méjì, ohun ìṣeré nílẹ̀. Ìyá àti ọmọ ọdún kan á wọlé. Àjèjì obìnrin kan á wọlé tọ̀ wọ́n. Ìyá á jáde, á tún wọlé. Ìyá á tún jáde lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí ọmọ nìkan ló kù. Àjèjì á kọ́kọ́ padà, lẹ́yìn náà ìyá. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, gbogbo rẹ̀ bí ogún ìṣẹ́jú lápapọ̀. Gbogbo ènìyàn rò pé igbe ọmọ nígbà tí ìyá ń jáde lọ ni wọ́n ń wò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ìyá bá padà wọlé ni ẹjọ́ ń bẹ. Ọmọ kan á sáré mọ́ ìyá, wọ́n á gbé e, ara á tù ú, á padà sídìí eré: ọmọ báírò nìyẹn. Òmíràn á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa tún bọ́ọ̀lù yẹ̀ wò bí ẹni tí kò rí ìyá: ọmọ kàlẹ́ńdà. Ẹ̀kẹta á ní kí wọ́n gbé òun, tí wọ́n bá gbé e tán á máa ta ìyá nípàá, ìbínú àti ẹkún pọ̀. Nígbà tó yá, Mary Main, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ainsworth, àti Judith Solomon rí ẹ̀kẹrin: ọmọ tó gbéra láti sáré tọ ìyá, tó wá dúró láàárín ọ̀nà, tó yí ẹ̀yìn padà, tó ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀, tàbí tó kàn dì gbagidi. Ẹni tó yẹ kó sá tọ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

Wọ́n gbé yàrá yìí káàkiri ayé, ọ̀rọ̀ sì dojú rú díẹ̀. Ní Bielefeld, ní àríwá Jámánì, bí ìdajì àwọn ọmọ ló jẹ́ ọmọ kàlẹ́ńdà, nítorí àwọn ìyá ibẹ̀ fẹ́ kí ọmọ tètè dá dúró. Ní Sapporo, ní Jàpáànù, kò sí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ké tí wọn ò gba ìpẹ̀ mọ́. Ọmọ tó ń bá ìyá sùn, tó ń bá ìyá wẹ̀, tí ojú ìyá kì í kúrò lára rẹ̀, ẹ wá ti òun nìkan mọ́ yàrá. Ta ni kò ní ké? Àwọn kan ní ó parí, àṣà ló ń pín ọmọ sọ́nà. Ní 1988 àwọn onímọ̀ méjì láti Netherlands, van IJzendoorn àti Kroonenberg, kó iṣẹ́ 32 jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, àwọn ọmọ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn àwùjọ inú orílẹ̀-èdè kan náà pọ̀ ju èyí tó wà láàárín orílẹ̀-èdè kan sí èkejì lọ, ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀. Ní Jámánì kan náà yẹn, nígbà tí wọ́n dé Regensburg ní gúúsù, ọmọ báírò ló pọ̀ jù.

Èmi ní ẹjọ́ tèmi pẹ̀lú yàrá yẹn. Ọmọ tiwa kì í rí àjèjì kan ṣoṣo. Láàárín agboolé, ọwọ́ mẹ́wàá ló ń gbà á kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Ní Nàìjíríà níbí, àwọn onímọ̀ kan wo àwọn ọmọ Haúsá inú agboolé, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1977: àwọn ọmọ náà rọ̀ mọ́ ènìyàn mẹ́ta, mẹ́rin, ẹni tí àwọn kan sì rọ̀ mọ́ jù kì í ṣe ìyá tó bí wọn. Ẹni tó ń gbé wọn, tó ń bá wọn ṣeré jù ni. Ẹni tó bá ka ìwé Bowlby láì rò ó jinlẹ̀, tó wá ń da ìyá tó gbọ́mọ sílẹ̀ fún ìyakọ lọ́kàn rú, kí ó lọ ka ìyẹn náà.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ti ilé ìyá ìyá wá kù. Mary Main tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ní Berkeley ní ìpínlẹ̀ California, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ láàárín 1980 sí 1985. Àwọn òbí ni wọ́n ń bi, kì í ṣe ọmọ. Ó máa ń gbà tó wákàtí kan. Ọ̀kan nínú ìbéèrè náà rọrùn létí: ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ márùn-ún tó ṣàpèjúwe bí ẹ̀yin àti ìyá yín ṣe wà nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Tí ẹ bá sọ márààrún tán, wọ́n á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ sọ ọjọ́ kan tó fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Mo ní kí ẹnì kan bá mi dán an wò. Màmá kan níwájú, tó wọ ìró òfì, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ní òun á dán an wò. Mo ní kí wọ́n sọ márùn-ún. Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: "Onífẹ̀ẹ́. Akíkanjú. Olùfọkànsìn. Onísùúrù. Olóòótọ́." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Onífẹ̀ẹ́, Màmá. Ẹ sọ ọjọ́ kan fún wa." Wọ́n ní, "Wọ́n fẹ́ràn wa gan-an ni." Mo ní, "Ọjọ́ kan, ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n ní, "Kò sí ọjọ́ tí wọn ò fẹ́ràn wa." Mo dákẹ́. Àwọn náà dákẹ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni." Ilé dà wó fún ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo dọ̀bálẹ̀ lọ́rọ̀ ẹnu, mo kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀, a sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n ń wá nínú ìdáhùn kì í ṣe bóyá ìyá ẹni dáa tàbí kò dáa. Bí ẹni náà ṣe ń sọ ọ́ ni. Ẹnì kan lè sọ pé, "Ìyá mi máa ń nà mí, ó nà mí lọ́jọ́ kan nítorí naira méjì tí kì í ṣe èmi ni mo mú un. Nígbà tó rí owó náà kò bẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ó se ẹ̀bẹ fún mi, mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ yẹn ni ẹ̀bẹ̀." Ẹni yẹn jìyà, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ní orí, ó ní ìdí, ó dun ún, kò sì mú un dání mọ́. Ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọmọ báírò. Ẹlòmíràn á ní ìyá òun dáa jù láyé, kò sì ní rí ọjọ́ kan tọ́ka sí. Ọmọ tirẹ̀ sábà máa ń wo kàlẹ́ńdà. Ẹ̀kẹta á bẹ̀rẹ̀ látorí ìyá, á dórí àbúrò tí wọ́n fẹ́ràn jù, á dórí ilẹ̀ tí wọ́n pín lọ́dún tó kọjá, inú á tún máa bí i bí ẹni pé àárọ̀ òní ló ṣẹlẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ ni ọmọ tó ń ta ìyá nípàá.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dá mi dúró. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ geere, tó wá kan ikú ẹnì kan, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá já, tó ń sọ̀rọ̀ òkú bí ẹni tó ṣì wà láyé. Ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ń dúró láàárín ọ̀nà. Láàárín àwọn Dogon ní Málì, tí ìyá máa ń ti ọmú bọ ọmọ lẹ́nu bó bá ti ké, wọn ò rí ọmọ kàlẹ́ńdà kankan, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta sì fọkàn balẹ̀. Síbẹ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ ẹ̀yà kẹrin yìí, iṣẹ́ náà sì jáde ní 2001. Wọ́n wo àwọn ìyá wọn dáadáa: ẹ̀rù wà lójú wọn. Ilẹ̀ tí ọmọ ti ń kú púpọ̀ ni. Nígbà tí mo kà á, àwọn orúkọ tiwa ló sọ sí mi lọ́kàn. Málọmọ́. Dúrójayé. Kòkúmọ́. Bánjókòó. Kòsọ́kọ́, pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ fún ọ. Ìyá tó ti sin méjì, tó wá gbé ẹ̀kẹta lẹ́sẹ̀, ta ló ń wò? Òun ló ń wò ni, àbí èyí tó lọ? Ọmọ ń wo ojú yẹn láti ọjọ́ kìíní. Àwọn àgbà tó sọ orúkọ wọ̀nyẹn kò ṣèwádìí kankan ní yunifásítì, wọ́n kàn sọ ẹ̀rù náà síta kí gbogbo àdúgbò lè máa pè é.

Ṣé ọmọ ló sọ ìyá di báyìí ni, àbí ìyá ló sọ ọmọ? Ní Lọ́ńdọ̀nù, Peter Fonagy pẹ̀lú Miriam àti Howard Steele bi 100 aboyún ní ìbéèrè Main nígbà tí oyún ṣì wà nínú, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1991. Ọmọ kò tíì dáyé. Nígbà tí ọmọ pé ọdún kan, wọ́n gbé e lọ sí yàrá. Nínú ìyá mẹ́rin, mẹ́ta ni ohun tí wọ́n sọ nínú oyún bá ti ọmọ wọn mu. Ẹlòmíràn á ní ẹ̀jẹ̀ ni, ó wà nínú ìran wọn. Ní Amẹ́ríkà, Mary Dozier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn ìyá alágbàtọ́ 50, àwọn tí kò bá ọmọ tan rárá. Bí ọ̀rọ̀ ìyá alágbàtọ́ ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe rí, nínú bíi méje nínú mẹ́wàá. Ẹni tó gbé ọmọ sọ́wọ́ ló ń gbé e fún un.

Ó yẹ kí n sọ èyí náà, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń ka àṣìṣe ìyá wọn sí ọrùn ara wọn. Kì í ṣe kádàrá. Ní 2016 wọ́n tún kó iṣẹ́ 95 jọ, ìyá àti ọmọ lé ní 4,800, wọ́n sì rí i pé lóòótọ́ ni ó ń ti ọ̀dọ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ, àmọ́ kò lágbára tó bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ rò. Ọ̀nà tó ń gbà kọjá gan-an, wọ́n ṣì ń wá a. Bí ìyá ṣe ń yára dáhùn igbe ọmọ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló lè ṣàlàyé.

Ibi tó ti hàn sí mi jù pé nǹkan lè dí i lọ́nà ni Ísírẹ́lì. Wọ́n ní àwọn abúlé àjọgbé kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kibbutz. Láyé ìgbà kan, ní àwọn kan nínú wọn, ilé àwọn ọmọ ni gbogbo ọmọ ń sùn sí lálẹ́, olùṣọ́ ló ń gbọ́ igbe wọn, olùṣọ́ náà sì ń yí padà. Ní àwọn mìíràn, ọmọ ń padà sùn tira ìyá. Ọ̀sán wọn jọra, oúnjẹ wọn jọra. Abraham Sagi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn ìyá ní ìbéèrè Main. Láàárín àwọn tí ọmọ wọn ń sùn nílé, ti ìyá àti ti ọmọ bára mu ní 76 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn tí ọmọ ń sùn níta, 40 péré. Oorun alẹ́ nìkan ni ìyàtọ̀. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Ṣé ẹ wá rí i pé inú àìsùn yẹn ni ohun kan ti ń gba ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kejì.

Ìyẹn ló mú mi rántí àwọn tiwa ní Ìlú Ọba. Láti bíi 1955 lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà, tí ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n ń wá òyìnbó tó máa bá wọn gba ọmọ tọ́. Bàbá ń ka òfin, ìyá ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé, onílé ò sì fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí Kent, sí Sussex, sí Essex. Mi ò bá àwọn tó ń pè wọ́n ní aláìlójú-àánú lọ. Ohun tí wọ́n rò pé àwọn ń ṣe ni ohun tí ìyá wọn ṣe fún wọn: ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ọmọ á padà wá. Ohun tí wọn ò kà sí ni pé ìyá àgbà wà nínú ìtàn. Òun ló bí ìyá yẹn, á máa sọ fún ọmọ pé, "Bí ìyá ẹ ṣe máa ń pọ́nu nìyí tí inú bá ń bí i." Òyìnbó Kent ò mọ ìtàn kankan. Ọ̀rẹ́ mi kan tó dàgbà báyẹn sọ fún mi pé nígbà tí ìyá òun wá mú òun ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀yìn sẹ́ẹ̀tì ìyá òyìnbó ni òun sá sí. Nígbà tí òun náà wá bímọ, bí ọmọ bá ti ké lóru, á dìde, á lọ dúró ní kíṣìnì, á máa wo kẹ́tùlù. Ó ní òun kì í mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ òun gbé òun débẹ̀. Ìgbà tó sọ ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀tì yẹn fún ọkọ rẹ̀, ọmọ wọn ti ń lọ ilé ìwé. Èkejì tó bí lẹ́yìn ìyẹn, ó ní òun ò lọ kíṣìnì.

Ìbéèrè pọ̀. Agbẹ̀bí kan bi mí pé bàbá ńkọ́. Mo ní wọ́n ti bi àwọn bàbá náà, ó ń ti ọwọ́ tiwọn kọjá, ṣùgbọ́n kò tó ti ìyá. Ẹnì kan bi mí pé ṣé kí òun máa gbé ọmọ ní gbogbo ìgbà tó bá ké. Mo ní kó ṣe bó ṣe lè ṣe, kò sí ẹni tó lè ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti ń tẹ́ aṣọ sórí tábìlì oúnjẹ nígbà tí Màmá oníró òfì nawọ́.

Wọ́n ní, "Mo ti rí ọjọ́ kan." Mo ní kí wọ́n máa wí.

Wọ́n ní Kánò ni ìyá àwọn ti ń ṣòwò obì, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá ni àwọn wà. Ìyá ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ọdún, wọ́n lọ jókòó sí gáréèjì. Ilẹ̀ ṣú, wọn ò rí i. Jímọ̀ kejì ni ìyá tó dé. "Mi ò sunkún," ni Màmá wí. "Mo kàn kí i káàbọ̀, mo bá a gbé igbá."

Mo bi wọ́n pé kí ni ìyá wọn sọ. Wọ́n ní, "Kò sọ nǹkan kan. Ó tú ẹrù, ó mú bàtà jáde. Bàtà pupa, aláwọ̀ dídán. Kò wọ̀ mí. Ẹsẹ̀ tí mo ní lọ́dún tó ṣáájú ni ìyá mi gbé lọ sí Kánò."

Wọ́n wò mí. "Ṣé ìyẹn wà lára onífẹ̀ẹ́?"

Mo ní, "Ó wà lára rẹ̀, Màmá."

"Mo fi ẹsẹ̀ mi há a," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tiro."